Ọwọ́ Lórí Fìlà

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yáàdù lè rò pé iṣẹ́ wèrè ni. Ẹ wo àgbàlagbà ọkùnrin tó mú òòlù ọlọ́wọ́ gígùn dání, tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú irin láti ìrù dé orí, tó ń gbá táyà irin kọ̀ọ̀kan, tó sì ń dẹ etí bí ẹni pé ọkọ̀ fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Wèrè kọ́ o. Àwọn táyà irin yẹn, tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń pè ní ẹsẹ̀, ló gbé gbogbo ẹrù àti gbogbo èèyàn. Ẹsẹ̀ tó bá dára, bí òòlù bá bà á, á dún gooo, ohùn rẹ̀ á sì fà lọ títí. Ẹsẹ̀ tó bá ti sán níbi tí ojú ò lè rí, gbọ̀ ni yóò dún, bí ìkòkò tó ti là. Ẹni tó bá gbọ́ gbọ̀ tó sì jẹ́ kí ọkọ̀ lọ, apààyàn ni, kò sí orúkọ mìíràn tí a lè fún un.

Bàbá Olóòlù ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Obìnrin tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, tó wọ ṣòkòtò iṣẹ́ tí gírísì ti sọ di dúdú, tó sì dé fìlà iṣẹ́ tí iwájú rẹ̀ ti ń ya, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Àwọn ọkùnrin yáàdù sọ ọ́ ní Ìyàwó Irin, nítorí pé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kun àtíkè, gírísì lòun fi ń pa ojú. Bí ọkọ̀ àárọ̀ bá ti ń wọlé, wọ́n á pariwo pé, "Ìyàwó Irin, ọkọ rẹ dé o!" Òun náà á sì dá wọn lóhùn pé, "Ẹ sọ fún un kó dúró síta, mi ò tíì gbálẹ̀."

Kó tó dé ibẹ̀, ó ti kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ó sá. Ó kọ́ iṣẹ́ irun dídì, ó ju òòyà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò sì padà mọ́. Ìyá rẹ̀ ti fẹ́ gbà pé ẹni tí kò ní láárí lòun bí, kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ yìí ni ìyàwó Bàbá Olóòlù. Ó ní, "Ẹ fi í ránṣẹ́ sí mi. Kó wá wo iṣẹ́ ọkọ mi. Bó bá tún sá fún irin, a ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ló ń yún un." Kò sá fún irin. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí òòlù Bàbá ba ẹsẹ̀ ọkọ̀ létí rẹ̀, orí rẹ̀ wú, ó sì mọ̀ pé òun ti dé ibi tí òun ń lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Nílé, ó ń pè wọ́n ní Bàbá àti Màmá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọjá géètì yáàdù, Bàbá di Ọ̀gá, kò sì gbọ́dọ̀ ṣèèṣì pè é ní nǹkan mìíràn.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá kọ́ ọ kì í ṣe ti etí rárá. Ọ̀gá fa ọwọ́ rẹ̀ kan irin búréèkì, èyí tó máa ń fẹnu mọ́ ẹsẹ̀ láti dá ọkọ̀ dúró.

"Fọwọ́ kan eléyìí ná," ni Ọ̀gá wí. "Bí búréèkì bá di ẹsẹ̀ mú, bó ti wù kí ẹsẹ̀ náà dára tó, gbọ̀ ni yóò dún. Ẹni tí wọ́n dì lọ́rùn mú, ṣé ó lè kọrin? Fọwọ́ kan búréèkì kí o tó gba etí rẹ gbọ́."

Ìyàwó Irin rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbọ́, sà. Ó rọrùn láti gbọ́ ohun tí kò tíì dunni.

Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bà wọ́n jẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ọ̀gá gbá ẹsẹ̀ kan, ó dún gbọ̀. Ìyàwó Irin gbọ́ ọ kedere. Ọ̀gá mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà kan ṣoṣo sára ẹsẹ̀ náà, èyí tó túmọ̀ sí pé kò sí ohun tó ṣe é, ó sì kọjá. Ìyàwó Irin rò pé òun ló ṣì gbọ́. Ta ni òun tí yóò sọ fún Bàbá Olóòlù pé ó ṣe àṣìṣe? Ọkùnrin tí wọ́n ní ó lè gbọ́ eyín tó ń ro ẹlòmíràn! Ó dúró síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé fìlà rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ta kókó fún. Ọ̀gá bojú wẹ̀yìn, ó rí i bẹ́ẹ̀. Ó padà wá. Ó tún ẹsẹ̀ náà gbá, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó pa ìlà náà rẹ́, ó kọ àgbélébùú sí i. Nígbà tí wọ́n yọ ẹsẹ̀ náà, ó ti sán látinú wá. Gbogbo yáàdù kí Bàbá pé ó kú etí.

Láti ọjọ́ náà lọ, Ọ̀gá kò fa ìlà mọ́ kó má kọ́kọ́ wo ojú Ìyàwó Irin. Bí ẹsẹ̀ bá dára, ọwọ́ rẹ̀ á wà nílẹ̀. Bí kò bá dára, á gbé e lé fìlà. Wọn kò jọ sọ ọ́ rí. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ojú náà ni wọ́n sì fi sọ gbogbo rẹ̀. Bó ṣe wá di pé ọkùnrin tí kò gbọ́ràn ń ṣiṣẹ́ etí nìyẹn, tí ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì gba àṣẹ sì ń gbọ́ràn fún un. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèǹgbè.

Ẹ má ṣe rò pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bó bá ń jẹun, tó bá ti rántí ìlà ṣọ́ọ̀kì, á ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá ní òtútù lọ́jọ́ kan, tí imú òun dí, tí etí òun dí pẹ̀lú rẹ̀, kóòṣì kan, ìyẹn yàrá ọkọ̀ tí èrò ń jókòó sí, lè dojú dé pẹ̀lú èèyàn nínú rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá lanu sọ ọ́, Ọ̀gá á kúrò níṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé iṣẹ́ ló sì ni ilé tí wọ́n ń gbé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń bá Màmá fọ abọ́ lẹ́yìn ilé. Bàbá wà nínú yàrá, ó ń wá bàtà rẹ̀, ó sì ń dá sọ̀rọ̀ lóhùn gíga.

"Ọmọ mi," ni Màmá wí, kò gbójú sókè kúrò nínú omi, "ṣé Bàbá rẹ ń gbọ́ràn níbi iṣẹ́?"

"Wọ́n ń gbọ́, Màmá."

"Èmi ni mo bi ọ́ o. Kẹ́tù hó lánàá títí tí omi fi gbẹ nínú ẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń ka ìwé ìròyìn."

Ìyàwó Irin ń nu abọ́ kan náà ṣáá. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rí oorun sùn." Màmá gbọn omi kúrò lọ́wọ́. "Kò pẹ́ mọ́ tó máa fẹ̀yìn tì. Kó ṣáà parí ẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ilé tá à ń kọ́ yẹn kò tíì ní òrùlé. Bí wọ́n bá lé wa jáde báyìí, ojú ọ̀run la máa fi ṣe àjà. Má jẹ́ kí wọ́n dójú tì í, ọmọ mi. Ìwọ ni mo fi í lé lọ́wọ́."

Ìyàwó Irin gbé abọ́ náà kalẹ̀. Ó ní, "Mo gbọ́, Màmá."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn, títí tí wọ́n fi gbé ọ̀gá yáàdù tuntun dé. Orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ fún un ni Kíákíá, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí ń ti ẹnu rẹ̀ jáde tí kíákíá kì í tẹ̀ lé. Ènìyàn burúkú kọ́. Ó kàn jẹ́ ẹni tí kò lè rí èèyàn méjì níbi tí ẹnì kan lè dá ṣe é. Ọ̀sẹ̀ tó dé náà ló dúró lórí pèpéle, tó fi ìka nà sí Ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ̀yin méjèèjì jọ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọkọ àti ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé? Ọkọ̀ kò ha ní ọ̀tún àti òsì ni? Láti ọ̀la lọ, Bàbá á gba ọ̀tún, Ìyàwó Irin á gba òsì. Ẹ jọ bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ parí. Kíákíá!"

Ìyàwó Irin wo ọkọ̀ láti ìrù dé orí. Gbogbo ara ọkọ̀ ni yóò wà láàárín òun àti Ọ̀gá. Ojú ò ní rójú mọ́. Ọwọ́ wo ló fẹ́ gbé lé fìlà tí Ọ̀gá máa rí? Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó lọ bá Kíákíá nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa irọ́ mọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, etí mi ò tíì gbó. Mo ṣì máa ń ṣì í gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣì máa tẹ̀ lé Ọ̀gá díẹ̀ sí i."

Kíákíá wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Bàbá fúnra rẹ̀ ló wá bá mi. Ó ní etí tìrẹ ti ju tòun lọ, kí n fún ọ ní ẹ̀gbẹ́ tìrẹ. Ọ̀gá mélòó ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ iṣẹ́? Dípò kí o lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, o wà níbí, ò ń yọ mí lẹ́nu. Ó yá, máa lọ. Kíákíá."

Ọ̀gá ló gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ọ̀nà jáde. Ó bá Ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó dúró sí ọ̀kánkán rẹ̀ kó lè rí ẹnu rẹ̀.

"Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀?"

"O ti tó bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀gá wí. "Wọn ò ní fún ọ ní òòlù tìrẹ bó bá jẹ́ ẹ̀yìn mi lo wà ní gbogbo ìgbà. Wọ́n á rò pé òjìji mi ni ọ́."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ọ̀gá wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó ṣí i, ó pa á dé. "Ọwọ́ mi ṣì wà," ló wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìgbéraga arúgbó ni Ìyàwó Irin kà á sí. Kò béèrè ohun tí ọwọ́ lè ṣe.

Ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ lọ láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Bó bá gbá ẹsẹ̀ tirẹ̀, ìdajì etí ló fi ń gbọ́ ọ. Ìdajì kejì wà lódì kejì ọkọ̀, ó ń ṣọ́ òòlù Ọ̀gá. Gooo ti ọ̀dọ̀ tirẹ̀, gooo ti ọ̀hún. Ó ń gbọ́ ti ẹni méjì, ó ń làágùn ti ẹni méjì, ó sì ń rù sí i. Màmá fi ẹran kún oúnjẹ rẹ̀, ó rò pé iṣẹ́ ló pọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́, ọkọ̀ kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé wà nínú rẹ̀, wọ́n yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Òun àti Ọ̀gá jọ bẹ̀rẹ̀ láti ìrù. Gooo. Gooo. Wọ́n dé kóòṣì kẹta sí orí. Ó gbá ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó dún dáadáa. Ó dẹtí sí ti Ọ̀gá.

Gbọ̀.

Ó dúró, ó ń retí pé Ọ̀gá á tún un gbá. Ìgbà yẹn gan-an ni awakọ̀ wá fọn fèrè láti sọ pé òun ti ṣe tán, fèrè gígùn tó gba gbogbo ojú ọ̀run kan, ó sì fọn ọ́n léraléra. Ó ki ìka bọ etí, ó yọ ọ́, ó ń ṣépè fún awakọ̀ nínú. Nígbà tí fèrè dákẹ́, òòlù Ọ̀gá ti wà lórí ẹsẹ̀ mìíràn. Gooo. Ó ti kọjá! Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú lábẹ́ kóòṣì. Nínú òkùnkùn irin àti páìpù, bàtà Ọ̀gá nìkan ló rí, tó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí kò bojú wẹ̀yìn.

Kò lè rákòrò kọjá lábẹ́ ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ ti ṣe tán. Ẹni tó bá dán an wò, wọ́n á fi ṣọ́bìrì kó o ni. Ó ń gbá ẹsẹ̀ tó kù nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe. Wọ́n dé orí ọkọ̀. Ní ọ̀hún, Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè sí gáàdì, ẹni tó máa ń fi àsíá rán ọkọ̀ jáde. Ọ̀tún ti parí. Gáàdì yíjú sí òsì.

"Ìyàwó Irin! Òsì ńkọ́?"

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Bó bá dákẹ́, àwọn ọmọ tó ń jẹ búrẹ́dì yìí ń lọ sókè afárá tó wà níwájú lórí ẹsẹ̀ tó ti sán. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á béèrè ẹni tó gbá ẹsẹ̀ náà. Ó gbọ́ ohùn Màmá létí: ìwọ ni mo fi í lé lọ́wọ́. Láìmọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sórí fìlà. Gáàdì ń wò ó. Kò sí ẹnìkan níbẹ̀ tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

"Ẹ dá a dúró!" ló pariwo. "Ẹ dá ọkọ̀ dúró!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gáàdì ká àsíá rẹ̀. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Kíákíá sáré jáde, táì rẹ̀ ti lọ sí ẹ̀yìn ọrùn.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ̀bi mi ni, sà. Kóòṣì kẹta. Mo ti fa ìlà sí ẹsẹ̀ kan tí kò dá mi lójú." Irọ́ náà ń jáde fúnra rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí Ọ̀gá wá bá mi tún un gbá, ọ̀tún àti òsì. Àwa méjèèjì nìkan. Kò ní pẹ́."

Ó rò pé bí òun àti Ọ̀gá bá lè jọ dúró ti ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn fún ìṣẹ́jú kan, Ọ̀gá á wo ojú òun, á rí fìlà, á kọ àgbélébùú sí i, tí kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. Ọgbọ́n náà kò burú. Ṣùgbọ́n Kíákíá kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó já òòlù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ òsì fúnra rẹ̀. Gooo.

"Èwo ló ṣe eléyìí?"

"Ó lè jẹ́ ti ọ̀tún, sà. Irin kan náà ló so wọ́n pọ̀."

Kíákíá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Bàbá ló gbá ti ọ̀tún."

Kíákíá gba iwájú ọkọ̀ kọjá, gáàdì tẹ̀ lé e, Ìyàwó Irin sì ń sáré kí òun lè kọ́kọ́ dé iwájú Ọ̀gá. Kíákíá dì í ní apá mú. "Ẹ̀yìn mi ni kó o wà."

Ọ̀gá ti padà wá dúró ti kóòṣì kẹta. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń nu òòlù rẹ̀.

"Bàbá!" ni Kíákíá pè.

Ọ̀gá ń nu òòlù.

"Bàbá Olóòlù!"

Ẹ́ńjìnnì ti kú. Kò sí ariwo kankan ní gbogbo yáàdù tí èèyàn lè dá lẹ́bi. Kíákíá sún mọ́ ọn, ó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ó tún pè é ní ẹ̀kẹta pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Lójú fèrèsé, ọmọ kékeré kan ní, "Màmá mi, bàbá yẹn ò dáhùn." Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ìyàwó Irin fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Kíákíá wá fọwọ́ kan Ọ̀gá léjìká. Ọ̀gá ta gìrì, ó yí padà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo wọn.

"Ó ti dára," ló wí. "Kó máa lọ."

Kíákíá gbé òòlù, ó gbá ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kóòṣì kẹta.

Gooo.

Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Gooo, ohùn náà fà lọ títí. Ìyàwó Irin gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, kò tọrọ ààyè. Ó gbá ẹsẹ̀ náà. Ó gbá a lókè, ó gbá a nísàlẹ̀, ó tún un gbá. Fọ́, ló ń wí nínú. Jọ̀ọ́, fọ́. Ó mọ̀ pé èèyàn ni yóò kú lórí rẹ̀ bó bá fọ́, síbẹ̀ ó ń bẹ irin náà pé kó fọ́, kí ohun tí òun ṣe lè nídìí. Irin kì í gba ẹ̀bẹ̀. Gooo ló ń dún.

Ìgbà tó sọ òòlù kalẹ̀ ló tó rí búréèkì. Lára irin búréèkì náà, níbi tí ìdọ̀tí àti ìpẹtà ti bò ó tẹ́lẹ̀, ojú ibi tí nǹkan ti họ ọ́ ń dán, tuntun, bí ibi tí èèyàn fi irin gígùn tì í sẹ́yìn. Ọ̀gá rí ibi tó ń wò.

"Búréèkì ló dì í mú," ni Ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ ga ju bó ti yẹ lọ. "Ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbá a, mo sì fi irin tú u. Mo wá gbọ́wọ́ lé e, mo tún un gbá." Ó wò ó bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó mọ̀wé. "Ṣé o ò gbọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì ni?"

Fèrè ló gba ẹlẹ́ẹ̀kejì. Fọwọ́ kan búréèkì kí o tó gba etí rẹ gbọ́: ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ pátápátá. Òun fi etí dá ẹjọ́ ẹsẹ̀ tí ọwọ́ òun kò kàn, láti òdì kejì ọkọ̀. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Ọkọ̀ lọ. Àwọn ọmọ ń juwọ́ lójú fèrèsé. Kíákíá fọwọ́ kan Ìyàwó Irin léjìká, ó ní, "O ṣe dáadáa. Ẹni tí nǹkan bá rú lójú, kó dá ọkọ̀ dúró. Òfin nìyẹn." Ìyìn náà ta á lára bí ata. Kíákíá wá rẹ ohùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìdí tó fi yẹ kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ mọ́. "Láti ìgbà wo ni kò ti gbọ́?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Ọ̀gá ń wo ẹnu wọn, láti ẹnu ẹnì kan sí ti èkejì. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Kíákíá na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó ti mọ ohun tó fẹ́ gbà. Ó nu ọwọ́ òòlù náà lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó gbé e fún un.

Dókítà ilé iṣẹ́ kò fi ìdajì wákàtí ṣe é. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá fún iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ní ẹlòmíràn nílò ilé náà. Àwọn ọkùnrin yáàdù kò pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìyàwó Irin mọ́. Wọ́n gbé òòlù Bàbá fún un, wọ́n ní òun ló kàn. Ó ń gbá ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ń gbá ti òsì, ó sì ń fọwọ́ kan gbogbo búréèkì, gbogbo rẹ̀ pátá, bí ẹni tó ń ka àdúrà tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá. Nílé, Màmá kò bá a wí. Ó ń bu oúnjẹ fún un bó ṣe máa ń bù ú. Bó bá jẹ́ pé ó na òun ni, ìbá sàn.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n kó ẹrù. Ọkọ̀ akẹ́rù ti wà lẹ́nu ọ̀nà, awakọ̀ rẹ̀ ń sùn nínú rẹ̀. Bàbá wà nínú yàrá, ó tẹ orúnkún lórí mátírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ká, ó ń fi okùn dì í. Ìyàwó Irin dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn nínú aṣọ iṣẹ́, yáàdù ló ti ń bọ̀. Ó ti ń ru ọ̀rọ̀ náà kiri láti ọjọ́ yẹn. Ó sọ ọ́ jáde.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Mi ò fọwọ́ kan búréèkì. Ẹ kọ́ mi, mi ò sì ṣe é. Mo gbọ́ gbọ̀, ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ẹ̀yin lẹ ò gbọ́, mi ò mọ̀ pé ọwọ́ yín ń gbọ́ ọ. Mo fẹ́ bò yín láṣìírí, èmi náà ni mo tú yín fó. Ilé tí ẹ̀ ń lọ kò lórùlé. Èmi ni mo ṣe é. Èmi ni, Bàbá." Ó ń sunkún, ó sọ ọ́ tán pátápátá, kò ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Bàbá ń fa okùn. Kò yíjú.

Màmá ti dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó mọ bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀.

"Kò gbọ́ ọ, ọmọ mi," ló wí. "Lọ síwájú ẹ̀, kó o tún un sọ."

Ó lọ síwájú Bàbá, ó kúnlẹ̀ ní ọ̀kánkán rẹ̀. Bàbá gbójú sókè, ó ń dúró dè é. Ìyàwó Irin lanu. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó yẹn, ọ̀kankan kò jáde mọ́. Níkẹyìn, ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi lé fìlà rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Bàbá wò ó. Ó sọ okùn sílẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e ní àyà, lórí egungun, bó ṣe máa ń gbé e lé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹkún ń mì í lábẹ́ ọwọ́ náà.

"Kò sán," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. "Búréèkì ló dì í mú."

Ó mú ẹnu okùn kan, ó fi lé e lọ́wọ́. "Di ibẹ̀ mú fún mi. Fà á dáadáa."

Ó dì í mú, ó fà á. Níta, ọkọ̀ ọ̀sán fọn fèrè bó ṣe ń wọ yáàdù. Màmá àti òun yíjú síbẹ̀. Bàbá ń ta kókó rẹ̀ lọ.